Ẹ Yí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Alálòkù Tó Wà lórí Àtẹ l'Ékòó

Láti ọjà iṣẹ́ ọnà Jákàndè ní Lẹ́kí dé àwọn gálárì Victoria Island àti Ìkòyí, títí dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga Yabatech ní Yábàá, iṣẹ́ tí wọ́n fi àlòkù ṣe ti gbòde kan. Ẹṣin tí wọ́n fi ṣéènì ọ̀kadà jó, aṣọ ògiri tí wọ́n fi ìdérí ìgò hun, ìjàpá onítáyà, àwòrán ojú èèyàn tí wọ́n fi sílípáàsì gé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu àwọn tó ń tà á: pàǹtí ni o, orí ààtàn la ti ṣà á. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Pé nǹkan ti orí ààtàn wá kò sọ ọ́ di ọnà, kò sì sọ owó gọbọi di owó tó tọ́. Ìsopọ̀ ló ń ya iṣẹ́ tó yẹ ká náwó lé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó máa tú kí ọdún tó yí po: ibi tí nǹkan méjì ti pàdé, ohun tí wọ́n fi dè wọ́n, àti bóyá ẹni tó ṣe é mọ ohun tí ooru àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Èkó máa ṣe sí i. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni gbogbo èyí ti máa ń hàn. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ ní kí ọlọ́jà yí i padà fún yín. Èyí tí kò bá fẹ́ yí i padà ti dá yín lóhùn.

Ìdérí ìgò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lókìkí jù, òun náà sì ni ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù. El Anatsui ló gbé e dójú ayé. Gáná ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1944, ó dé Nsukka lọ́dún 1975 láti máa kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀, ó sì di ìparí àwọn ọdún 1990 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà bàbà so ìdérí ìgò ọtí líle pọ̀. Lọ́dún 2015 wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Venice, ní Ítálì, fún iṣẹ́ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Lọ́dún 2023 iṣẹ́ rẹ̀ gba gbọ̀ngàn ńlá ilé ọnà Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù. Látìgbà tí orúkọ rẹ̀ ti kàn ni àwọn tó ń hun ìdérí ti ń pọ̀ sí i nílẹ̀ yìí.

Oríṣi ìdérí méjì ló wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ mọ́ yín lójú. Ìdérí bíà àti mínírà, èyí tó ní eyín 21 yí etí rẹ̀ ká, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fi tánganran, ìyẹn tin, bò ni. Ìdérí ọtí líle, èyí tó gùn, tí wọ́n ń yí ṣí, alumíníọ̀mù ni. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, kódà èyí tí wọ́n yọ lára spíkà tó ti bàjẹ́, máa fi ìyàtọ̀ hàn yín lójú ẹsẹ̀: ó máa lẹ̀ mọ́ ti bíà, kò ní lẹ̀ mọ́ ti ọtí líle. Ti bíà ló ń dípẹtà. Ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ni tánganran bò. Etí rẹ̀ àti ihò tí wọ́n lu sí i, irin lásán ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìpáàrà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ onídèérí bíà lè pẹ́ nínú yàrá tó gbẹ. Nínú bálíkónì tó kọjú sí òkun, kò ní pẹ́ tí omi pupa á fi máa ṣàn lára ògiri yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, torí ìṣirò ló ń tú àṣírí owó. Ìdérí bíà tí wọ́n bá tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 37. Iṣẹ́ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, máa gba ìlà 27, ìdérí 27 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 729. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ihò mẹ́rin, ihò 2,916 nìyẹn. Ibi tí ìdérí kan ti di mọ́ èkejì jẹ́ 1,404. Ká ní ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi ń de ìkọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní wákàtí 23, a ò sì tíì ka fífọ̀, títẹ́ àti lílu ihò mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá wá ń ta mítà kan bẹ́ẹ̀ ní owó tí kò tó owó iṣẹ́ òòjọ́ ọjọ́ mẹ́ta, ohun kan wà tó fò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsopọ̀ ló fò: ihò méjì dípò mẹ́rin, tàbí gọ́ọ̀mù lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ ìdérí mọ́ aṣọ. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kì í ṣeé ká, kì í sì í rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ. Bó bá ti gbóná ni ìdérí á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú ìdérí bíà ní ike fẹ́lẹ́ tó ń dí ẹnu ìgò. Kí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fi òòlù tẹ́ ìdérí mọ́ ike náà ti sé mínírà mọ́ abẹ́ rẹ̀, èèrà àti aáyán á sì wá a débẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀yìn iṣẹ́ náà: iṣẹ́ tí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ìdérí rẹ̀ dáadáa kì í rùn bí ilé ọtí.

Ihò náà ní òfin tirẹ̀. Kó jìnnà sí etí ìdérí tó mìlímítà mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tó bá sún mọ́ etí jù bẹ́ẹ̀ máa ya nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà kọ́. Iwájú ni wọ́n ti ń lù ú lọ sẹ́yìn, lórí igi rírọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi òòlù tẹ́ etí ihò tó yọ síta. Ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́, ó ń ha wáyà náà, ìgbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá mi iṣẹ́ yẹn ló sì ń gé wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wáyà ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Èyí tó dára jù ni wáyà bàbà tí wọ́n tú lára mọ́tò fáànù tó ti jóná: ó rọ̀, ó sì ní fánìṣì tín-ínrín lára tí kì í jẹ́ kí bàbà kan alumíníọ̀mù ní ìhòòhò. Bàbà àti alumíníọ̀mù kì í bára wọn gbé níbi tí omi àti iyọ̀ bá wà. Alumíníọ̀mù ló máa ń jẹ, ẹ ó sì rí ẹbu funfun yí ihò ká. Fún ìdí èyí, ẹni tó ń gbé etí òkun kò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ sójú fèrèsé tó ń ṣí sílẹ̀. Wáyà dúdú tí wọ́n fi ń di irin dẹ́kìn ló burú jù. Ó pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n, àmọ́ òjò kan péré tó bá fẹ́ wọlé ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìpáàrà lára rẹ̀. Okùn ìpẹja oníke náà kò dára tó. Oòrùn máa ń sọ ọ́ di ohun tó ń kán. Lílọ́ wáyà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ti tó, kí wọ́n wá tẹ ṣóńṣó rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n lọ́ jù ti le, níbi kíká àkọ́kọ́ ló ti máa ń já.

Ìwúwo rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Mítà kan níbùú àti lóòró kì í sábà ju kílò méjì lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìlà òkè pátápátá ló ń gbé gbogbo ìyókù. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi wáyà onílọ̀ọ́po méjì de ìlà méjì àkọ́kọ́. Ẹ má fi ìṣó méjì gbé e kọ́ ní igun méjèèjì, torí àárín rẹ̀ á máa fà wálẹ̀, igun rẹ̀ á sì ya. Ọ̀pá tó gba gbogbo ìbú rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ so ó mọ́ ọn ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 20.

Ní ti ẹwà rẹ̀, ohun tó mú iṣẹ́ Anatsui yàtọ̀ ni pé kò ní ìdúró kan pàtó. Ẹni tó bá ń gbé e kọ́ lè ṣẹ́ ẹ pọ̀ bó ṣe wù ú, iṣẹ́ náà á sì yí padà láti ògiri kan sí òmíràn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé e kàn ń ṣe àwọ̀ wúrà àti pupa bí aṣọ kẹ́ńtè ti Gáná, wọ́n á sì nà án pẹrẹsẹ sínú férémù. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó san owó ńlá lórí irú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ onídèérí, ẹ wá èyí tí ọwọ́ ẹni tó ṣe é hàn níbẹ̀: bóyá ó gé ìdérí sí ọ̀já tín-ínrín kó tó hun ún, tàbí ó fi ẹ̀yìn funfun rẹ̀ ṣe iwájú, tàbí ó fi àyè sílẹ̀ kí ògiri máa yọjú. Kí ẹ sì mọ̀ pé oòrùn máa ń bó àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára ìdérí. Pupa ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá.

Fún ẹni tó ní àgbàlá, irin ni mo fi sípò kìíní, bí wọ́n bá jó o dáadáa. Orúkọ méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ojú yín lè mọ ohun tó ń wá. Olu Amoda, tó ti kọ́ni ní Yabatech fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń fi ìṣó, ọ̀pá irin àti àwo irin àlòkù ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní Sunflower wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Dak'Art, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Dakar ní Senegal, lọ́dún 2014. Dotun Popoola, tó fi Ilé-Ifẹ̀ ṣe ibùjókòó, ló sọ ẹranko onírin àlòkù di ohun tí tọmọdé tàgbà ń dúró wò. Ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra pátápátá: ti èkíní ń lo àtúntò ohun kan náà títí tó fi di ìrísí mìíràn, ti èkejì ń wá ẹ̀yà ara ẹranko nínú ìrísí irin.

Èyí ẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń ṣe àfarawé rẹ̀ jù l'Ékòó, ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè mọ òjé yàtọ̀ sí fàdákà. Nínú iṣẹ́ gidi, sípánà di itan torí pé bí sípánà yẹn ṣe tẹ̀ gan-an ni itan ṣe tẹ̀. Orí sípíríìnì di eékún torí pé ibẹ̀ ló ti yẹ kí agbára wà. Nínú àfarawé, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀pá rọ́ọ̀dù ṣe egungun, wọ́n á wá to nọ́ọ̀tì lé e lórí látòkè délẹ̀. Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tì náà. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, tí igun wọn ṣì mú, tí òwú inú wọn, ìyẹn ìlà tí bóòtù ń yí gbà wọlé, kò jẹ rárá, tuntun ni wọ́n rà á, kì í ṣe àlòkù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ríra nọ́ọ̀tì tuntun, àmọ́ kí wọ́n má fi orúkọ pàǹtí gba owó lọ́wọ́ yín lé e.

Òwòdé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti Ládipọ̀ ní Mushin wà lára ibi tí irin àlòkù pọ̀ sí jù nílùú yìí: ṣéènì, gíà, bíárìn, sàlẹ́ńsà, púlọ́ọ̀gì, dúrọ́ọ̀mù bíréèkì. Wọn kì í ṣe oríṣi irin kan náà, iná kò sì mú wọn bákan náà. Irin rírọ̀, irú bí ọ̀pá rọ́ọ̀dù àti páànù ara ọkọ̀, ń gba ẹlẹ́kitiróòdù (ọ̀pá tí ajórin ń yọ́ sójú ìsopọ̀) gẹ́éjì 12, ìyẹn mìlímítà 2.5, ibi tó bá nípọn ń fẹ́ gẹ́éjì 10, mìlímítà 3.2. Àmọ́ irin tí wọ́n dà, bíi dúrọ́ọ̀mù bíréèkì tàbí búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, kò gba ẹlẹ́kitiróòdù lásán. Ó máa dà bíi pé ó ti mú, àmọ́ bó bá ṣe ń tutù ló máa ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó náà. Ajórin tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi iná mú un gbóná, á lo ẹlẹ́kitiróòdù onínikẹ́ẹ̀lì, tàbí kó kúkú fi bóòtù dè é. Bí ẹ bá rí bóòtù níbi tí irin dídà ti pàdé irin rírọ̀, ẹ má pè é ní ìwà ọ̀lẹ, ìmọ̀ ni.

Irin tí wọ́n fi síńkì tàbí kúróòmù bò, kí wọ́n fá a dé irin gangan níbi tí wọ́n fẹ́ jó kí wọ́n tó tan iná. Bí wọn ò bá fá a, ojú jíjó á kún fún ihò wẹ́wẹ́, bí ẹ bá sì tì í díẹ̀ ló máa ṣẹ́. Èéfín síńkì náà tún máa ń dá ibà sí ajórin lára, torí náà ẹni tó bá ń jó o láìfá a kò fẹ́ràn ara rẹ̀.

Ìdàrọ́ ni àléébù tó wọ́pọ̀ jù, kò sì ṣòro láti rí. Lórí gbogbo ojú jíjó, ìdàrọ́ dúdú máa ń bo irin bó bá ti tutù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi òòlù gbá a kúrò, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kun ọ̀dà lé e lórí, ìdàrọ́ náà á ré bọ́ tòun tọ̀dà, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì dípẹtà. Ẹ fi èékánná gbo abẹ́ ikùn ẹranko náà àti inú apá rẹ̀, níbi tí ojú kì í sábà dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí kan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó mú dáadáa ń dún gbọnrangandan. Èyí tí wọ́n kàn fi iná tọ́ lẹ́ẹ̀kan ń mì, ó sì ń dún bí ohun tó ya.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn. Ère onírin tó bá ní ibi tó jin, bíi ìdajì páìpù tàbí àwo gíà tó dojú sókè, gbọ́dọ̀ ní ihò tó tó mìlímítà mẹ́fà sí mẹ́jọ níbi tó lọ sílẹ̀ jù kí òjò lè máa jáde. Àìsí ihò yìí nìkan lè pa iṣẹ́ tí wọ́n jó láìlábùkù.

Lórí ìpáàrà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀, mo sì gbà pé ó rẹwà. Àmọ́ ìpáàrà tó ń hó wá bí èèpo kò gba ọ̀dà tó mọ́ gaara lórí. Ẹni tó bá fọ́n irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lé ìpáàrà tó ṣì ń ṣí ti sé omi mọ́ abẹ́ rẹ̀, òjò ọdún kan ló máa bó o. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí tí ọwọ́ kò fi ní pupa mọ́, kí wọ́n nu epo àti gíríìsì kúrò, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí wọ́n tó fọ́n ọ̀dà náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Abẹ́ rẹ̀ àti inú rẹ̀ tí kò hàn, ọ̀dà pupa red oxide ni kí wọ́n fi kùn ún. Bí ẹ bá ń gbé Lẹ́kí tàbí Victoria Island, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí yín, ẹ máa fi omi tó dára ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ìda pa á lára lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní Yábàá, Súrùlérè tàbí Ìkẹjà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lè tó.

Irin wúwo, ẹ má fojú di í. Páànù irin tó nípọn ní mìlímítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóòró, sún mọ́ kílò mẹ́jọ kí wọ́n tó jó ohunkóhun lé e. Ògiri púpọ̀ l'Ékòó sì jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù oníhò íńṣì mẹ́fà. Fíṣà, ìyẹn ike tí wọ́n ń tì bọ ògiri kí skúrù lè dì mú, tó bá bọ́ sínú ihò yẹn kò rí nǹkan dì mú. Ara òpó tàbí bíìmù kankéré ni kí ẹ ti gbé iṣẹ́ onírin kọ́, tàbí kí ẹ lo bóòtù tó já sí ẹ̀yìn ògiri, kí àwo irin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ère tó bá ń dúró, ẹ tì í níbi èjìká rẹ̀. Bó bá fì, kó padà sí ààyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré. Ẹ tún fi ọwọ́ ra gbogbo ibi tó ga dé orí ọmọdé. Ṣóńṣó irin tí wọn kò fá níbẹ̀ kò ní àwáwí kankan.

Kẹ́ẹ̀gì ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwọ̀nyí, torí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kéré, èrò ibẹ̀ sì tóbi. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ayé ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n bí lọ́dún 1962, ló fi kẹ́ẹ̀gì epo ṣe agọ̀: ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu èèyàn, ibi tí wọ́n fi ń gbé e di imú. Ó to ohun tó lé ní 300 irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ jọ ní ìrísí ọkọ̀ òkun tí wọ́n fi kó ẹrú, Ilé Ọnà British Museum sì rà á lọ́dún 2007. Gbogbo ẹni tó bá ti rí ọ̀kadà tó ru kẹ́ẹ̀gì epo kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ mọ ohun tó ń wí láìsí àlàyé. Lójú mi, agọ̀ kẹ́ẹ̀gì kan tí wọ́n gé ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n fi irun kàn lórí, níyì ju kìnnìún onínọ́ọ̀tì ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ. Bí ẹ bá ń ra irú rẹ̀, ẹ yan èyí tí wọ́n ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ epo inú rẹ̀ tán, torí òórùn epo bẹntiróòlù kì í tètè fi yàrá sílẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ike tó bá pẹ́ lójú oòrùn á gan, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́. Abẹ́ òrùlé ni kí ó wà.

Táyà yàtọ̀ sí èyí, ìta gan-an ló yẹ ẹ́. Adeola Balogun, òun náà olùkọ́ ní Yabatech, ti fi hàn pé táyà lè di iṣan ẹranko láìsí àbùmọ́. Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ lára èyí tó wà lọ́jà ni wáyà irin tó wà lábẹ́ ojú ẹsẹ̀ táyà ọkọ̀: bí wọ́n bá gé e, ṣóńṣó wáyà náà á yọ síta bí ẹ̀gún, á gún ọmọdé, á sì dípẹtà. Ẹ̀gbẹ́ táyà, àti táyà kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọ̀kadà, rọrùn láti gé ju ìyẹn lọ. Skúrù àti wáṣà ni kí wọ́n fi dè é. Gọ́ọ̀mù kì í mú táyà pẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí ọwọ́ yín dúdú, epo ìdán ni wọ́n fi pa á kí ó lè fa ojú oníbàárà. Kí ihò wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ti fi owó yín ra ilé fún ẹ̀fọn.

Àwòrán onísílípáàsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi bẹ̀rẹ̀ torí kò wọ́n. Iṣẹ́ Konboye Ebipade Eugene ló mú kí ayé mọ̀ pé wọ́n lè fi sílípáàsì àlòkù ya ojú èèyàn débi pé ẹni tó dúró lókèèrè á rò pé fọ́tò ni. Ìwúwo rẹ̀ kò tó nǹkan, ògiri èyíkéyìí lè gbé e. Àléébù rẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù nìkan ló dì í mú. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ iyanrìn àti ọ̀rá ara kúrò lára sílípáàsì, kí wọ́n fi yanrìn pépà ha á, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí ojú méjèèjì, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí 15 títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá kánjú tẹ̀ ẹ́ ní tútù ti sé èéfín gọ́ọ̀mù mọ́nú, etí rẹ̀ á sì máa ká sókè. Ẹ fi èékánná gbé igun mẹ́rin àwòrán náà wò. Pákó plywood ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe páálí. Ẹ má sì gbé e sínú búùtù ọkọ̀ tó dúró lójú oòrùn ọ̀sán: gọ́ọ̀mù á rọ̀, sílípáàsì náà á sì sún kì. Nínú ilé, níbi tí oòrùn kò ti kàn án, ó máa sìn yín dáadáa fún owó tí ẹ san.

Èyí tí wọ́n fi ìwé ìròyìn tàbí páálí ṣe, mi ò gbà á nímọ̀ràn fún ilé tí ògiri rẹ̀ ń mu omi nígbà òjò. Ikán àti ọ̀rinrin kì í jẹ́ kó pẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ti yín lọ́tọ̀, ẹ bá oníṣẹ́ ọnà lọ sí Òwòdé Onírin fúnra yín, kí ẹ jọ yan irin. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń tà á, ẹ ó sì mọ èyí tó jẹ́ owó irin yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ owó ọwọ́. Kí ìwé àdéhùn sọ gíga rẹ̀, irú irin tó wà nínú rẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n máa fi parí rẹ̀ àti ìgbà mélòó ni wọ́n máa kùn ún, ẹni tó máa gbé e dé ilé, àti ẹni tó máa gbé e kọ́. Owó ìgbé e kọ́ ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù, òun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ má san gbogbo owó tán kí ẹ tó rí i láìkùn: ìdàrọ́, ihò àti ojú jíjó tó là kò ní ibi tí wọ́n máa sá pamọ́ sí kí ọ̀dà tó dé.

Ní gbígbé e, iṣẹ́ onídèérí ìgò ni kí ẹ fi aṣọ sí àárín rẹ̀ kí ẹ ká a lọ́ọ́lọ́ọ́, ẹ má ká a le. Onírin, ẹ de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ má de ọrùn rẹ̀, torí ọrùn ni ìsopọ̀ rẹ̀ kéré jù. Ẹ gba rìsíìtì tó kọ orúkọ oníṣẹ́, ọdún tó ṣe é àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà tún ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ilé ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kó má baà di pé wọ́n dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Kó gbé rìsíìtì àti fọ́tò iṣẹ́ náà dání lọ sí ilé ọnà ìjọba ní Oníkàn ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò rẹ̀, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà.